Ìyá Barker Nínú Eré Amóhùnmáwòrán

Eré kan ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí. Àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é, wọ́n sì gbé e jáde lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ní ọjọ́ 22 oṣù October, ọdún 1959. Ọjọ́ 9 péré lẹ́yìn náà ni amóhùnmáwòrán tiwa bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. The Untouchables ni orúkọ eré náà; ohun tí ó túmọ̀ sí ni àwọn ọlọ́pàá tí àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kò lè ràn. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é láti 1959 títí di 1963, ìtàn ọ̀tọ̀ ni ti ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí mo ń wí yìí, Ìyá Barker àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé lè máa bi ara yín pé irú ìgbà wo ni ìgbà náà. Láti January 1920 títí di December 1933, òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí ẹnikẹ́ni pọn ọtí tàbí kí ó tà á. Ṣùgbọ́n ọ̀fun kì í gbọ́ òfin. Àwọn tí ń mu ún kò dẹ́kun, àwọn jàǹdùkú ni wọ́n sì wá ń pọn ọn lóru, tí wọ́n ń fi èrè rẹ̀ ra ọlọ́pàá àti adájọ́. Al Capone ti Chicago ni ó lókìkí jù nínú wọn. Eliot Ness, ọ̀dọ́mọkùnrin òṣìṣẹ́ ìjọba, kó ènìyàn díẹ̀ jọ tí wọn kì í gba rìbá, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ akẹ́rù já ilẹ̀kùn ilé ìpọntí Capone. Òótọ́ pọ́ńbélé nìyẹn. Ness àti Oscar Fraley kọ ìwé nípa rẹ̀. Ness kú ní 1957 kí ìwé náà tó jáde. Láti inú ìwé yẹn ni eré náà ti yọ.

Nínú eré ti Ìyá Barker, Robert Stack ni ó ṣe Ness, Claire Trevor ni ó sì ṣe ìyá náà. Ness kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ ká jàǹdùkú mọ́lé, ìbọn ń dún lákọlákọ. Ohùn kan sì ń ròyìn rẹ̀ wéréwéré bí ẹni ń ka ìròyìn. Ohùn Walter Winchell ni, akọ̀ròyìn tí gbogbo Amẹ́ríkà ti ń gbọ́ lórí rédíò tipẹ́. Ohùn yẹn ni ó ń mú kí ènìyàn gbà á gbọ́. Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu. Èmi náà nìyí, ẹ kò rí ojú mi, síbẹ̀ ẹ ń gbà mí gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, Ness kò débẹ̀ rárá. Ní ọjọ́ 16 January 1935 tí ìjà náà ṣẹlẹ̀, ìpínlẹ̀ Ohio ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Àwọn FBI, ọlọ́pàá inú ti ìjọba àpapọ̀, ni wọ́n lọ sí Ocklawaha ní Florida. Ọ̀gá wọn, J. Edgar Hoover, kì í ṣe ẹni tí ń fi ògo rẹ̀ tọrẹ. Inú bí i sí eré náà gidigidi.

Ẹ gbọ́ bí ó ti rí. Kate Barker bí ọmọkùnrin 4: Herman, Lloyd, Arthur àti Fred. Kò sí èyí tí kò ya ìpáǹle nínú wọn. Herman kú ní 1927, Lloyd sì wà ní ẹ̀wọ̀n. Àwọn méjì tí ó kù bá Alvin Karpis dòwò pọ̀, wọ́n ń ja báńkì lólè. Kì í ṣe ọtí ni wọ́n ń tà. Ní ìlú St. Paul, wọ́n jí olówó kan gbé ní 1933, wọ́n gba dọ́là 100,000 kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Ní 1934 wọ́n jí òmíràn gbé, wọ́n gba 200,000.

Ní ọjọ́ 8 January 1935 ni ọwọ́ tẹ Arthur ní Chicago. Wọ́n bá àwòrán ilẹ̀ Florida nínú ilé rẹ̀, wọ́n ti fi kálàmù yí ibì kan po. Wọ́n tún rí lẹ́tà tí ó dárúkọ ọ̀nì kan nínú adágún, Old Joe ni wọ́n ń pè é. Àwọn FBI tọ ipa ọ̀nì títí wọ́n fi dé etí adágún Weir, níbi tí ìyá àti Fred háyà ilé sí. Ìbọn dún fún wákàtí tí ó lé ní 4. Àwọn ará ìlú jáde wá wòran. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ dákẹ́, àwọn FBI kò kọ́kọ́ wọlé fúnra wọn. Ọkùnrin adúláwọ̀ kan tí ń ṣiṣẹ́ nínú ilé náà ni wọ́n ní kí ó ṣíwájú. Kò sí ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni ó bá òkú ìyá àti ọmọ lókè.

Obìnrin ẹni ọdún 61 ni wọ́n pa yìí, kò sì sí àkọsílẹ̀ pé ọlọ́pàá mú un rí. Hoover ní òun ni ọpọlọ ẹgbẹ́ náà, pé ìbọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú rẹ̀. Karpis, nínú ìwé tí ó kọ ní 1971, ní irọ́ ni: bí àwọn bá fẹ́ gbèrò, sinimá ni àwọn máa ń rán ìyá lọ. Olè ni Karpis, Hoover sì ní orúkọ láti dáàbò bò. Àwọn méjèèjì ni ọ̀rọ̀ kàn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi mí, mo gba ti Karpis díẹ̀ ju ti Hoover lọ. Ìyá náà mọ ibi tí owó oúnjẹ rẹ̀ ti ń wá, kò sí àní-àní. Mímọ̀ yàtọ̀ sí pípàṣẹ. Eré náà kò yẹ èyí wò rárá. Ó gba ti Hoover pátá, ó sì yọ Hoover kúrò nínú rẹ̀.

Òkú méjèèjì wà nílẹ̀ títí di October 1935 kí wọ́n tó sin wọ́n sí Welch ní Oklahoma. Ilé etí adágún yẹn kò wó. Ní 2016 ni wọ́n gbé e lódindi sórí ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n fi í sọdá adágún Weir sí ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba ní òdì kejì.