Ẹ Ní Kó Ṣí Ìwé Náà fún Yín

Ọ̀rọ̀ AI la ó sọ lónìí, ara mi ni mo sì fẹ́ kọ́kọ́ fi ṣe àpẹẹrẹ.

Lọ́dún tí mo ń ṣe project àṣekágbá, AI ni mo ní kó bá mi wá àwọn ìwé tí mo lè tọ́ka sí. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti kó mẹ́rìnlá jáde: orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún, ojú ìwé, gbogbo ẹ̀ pé. Mo dà wọ́n sẹ́yìn iṣẹ́ mi. Ni supervisor mi bá pè mí sí ọ́fíìsì. Wọ́n ní, "Wá ṣí mẹ́ta péré fún mi nínú ìwé wọ̀nyí." Mo wá a tì. Mẹ́sàn-án nínú wọn ni kò sí láyé yìí rárá! Odidi sẹ́mẹ́sítà kan ni mo fi pẹ́ sí i. Owó àdìrẹ tí màmá mi ń tà n'Ítòkú ni wọ́n fi san owó ilé mi nígbà yẹn, mi ò sì sọ ìdí ẹ̀ gan-an fún wọn. Bí wọ́n bá ń gbọ́ ètò yìí, wọ́n ti gbọ́ nìyẹn. Ẹ má bínú, Mà.

Kì í mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ bí èèyàn. Òbítíbitì ọ̀rọ̀ tó ti kà ló fi ń díwọ̀n èyí tó yẹ kó tẹ̀lé èyí. Ó mọ bí orúkọ ìwé ṣe máa ń rí. Bóyá ìwé náà wà, ìyẹn ò yé e.

Ẹ bi í ní ohun tí ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ dáadáa. Èmi bi í nípa Aláké tó fi oyè sílẹ̀ ní 1949. Ó dárúkọ Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá, ó ní Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ló dìde lórí owó orí. Ó gbà bẹ́ẹ̀. Ó wá ní ọba náà ò padà wálé mọ́. Rárá o! Ní December 1950 ni wọ́n padà. Ohùn kan náà ló fi sọ òótọ́ àti irọ́, ibẹ̀ ló ti ń múni.

Ti Yorùbá tún le, torí èyí tó kà ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ English. Ẹ kọ "oko" láìsí àmì: ṣé oko ni, àbí ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀? Ọmọ FUNAAB tó ń béèrè ọkọ́ tí wọ́n fi ń kọ ebè lè gba ìmọ̀ràn lórí ọkọ ìyàwó. Ní April 2024, Mínísítà Bósún Tìjání kéde pé Nàìjíríà máa ní AI tó gbọ́ èdè wa. Inú mi dùn sí i, àmọ́ ìyẹn náà a máa ṣì í.

Mi ò ní kí ẹ má lò ó o. Èmi ń lò ó lójoojúmọ́, kó lè ṣàlàyé ohun tó bá ṣókùnkùn sí mi. Ṣùgbọ́n ìwé tó bá dárúkọ, mo máa ń wá a lọ sí láìbúrérì tàbí Google Scholar. Èyí tí mi ò bá rí ṣí, kì í wọ iṣẹ́ mi.

Ẹ fi irọ́ tí AI bá pa fún yín ránṣẹ́ ní voice note. A ó gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.