Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Òfúrufú Kì Í Ṣe Ilẹ̀kùn Ilé
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Kano)

 

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí ni bí a ti ń ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ òfúrufú àti bí a ti ń tì í, kí ènìyàn má baà já bọ́ láti ibẹ̀. Ẹnì kan lè wí pé, "Kí ni ó kàn wá nínú ilẹ̀kùn bàálù?" Ó kàn wá púpọ̀. Ọkọ̀ òfúrufú ti balẹ̀ sí Kano yìí láti 1925, pápá rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1936, ṣáájú gbogbo pápá yòókù ní Nàìjíríà. Lónìí, àwọn ọmọ wa wà nínú àwọn tí ó ń gbálẹ̀ inú ọkọ̀ náà, tí ó ń gbé oúnjẹ wọ inú rẹ̀, tí ó sì ń ti àtẹ̀gùn. Ẹni tí ó bá ṣubú níbẹ̀, inú ilé wa ni a óò gbé e wá.

Àwọn àgbà wa tí ó bá ọkọ̀ ojú irin wá sí Òkè Ọya mọ̀ pé bí ẹsẹ̀ bá yẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ilẹ̀ kò jìnnà. Ti ọkọ̀ òfúrufú kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà Boeing 737 ga tó bí ẹsẹ̀ bàtà 9 sí ilẹ̀. Ti ọkọ̀ ńlá bí Boeing 777 tó ẹsẹ̀ bàtà 15. Kọnkéré sì ni ìsàlẹ̀, kì í ṣe iyanrìn.

N kò pa àlọ́ fún yín o. Ní oṣù Kíní 2024, ní Toronto ní ilẹ̀ Kánádà, èrò kan ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí ó dúró sí ilẹ̀, ó sì já bọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, ní Jakarta ní ilẹ̀ Indonesia, wọ́n ti àtẹ̀gùn kúrò nígbà tí òṣìṣẹ́ kan ń jáde bọ̀. Afẹ́fẹ́ lásán ni ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ó sì ṣubú. Ní oṣù Kejìlá 2024, ní pápá East Midlands ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ kan já bọ́ nígbà tí a ti mú àtẹ̀gùn kúrò tí ilẹ̀kùn sì wà ní ṣíṣí.

Ẹ wo méjì tí ó kẹ́yìn yìí dáadáa. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ni wọ́n. Ẹni tí ó wà lókè rò pé àtẹ̀gùn ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tí ó wà nílẹ̀ rò pé kò sí ẹnì kankan tí ó ń bọ̀. Ohun tí ó bà á jẹ́ ni pé àwọn méjèèjì kò gbọ́ra wọn. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: kí ẹni òkè àti ẹni ilẹ̀ gbọ́ra wọn kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan.

Èkíní, nípa ṣíṣí. A kì í ṣí ilẹ̀kùn sí afẹ́fẹ́. Kí àtẹ̀gùn kọ́kọ́ fara ti ọkọ̀, kí a ti bíréèkì rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí a sì rí i pé irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti sún mọ́ ara ọkọ̀ tí àlàfo kò sí. Nígbà náà ni ẹni tí ó wà níta yóò kan ilẹ̀kùn, tí yóò fi àtàǹpàkò hàn ní ojú fèrèsé kékeré, tí ẹni inú yóò sì dá a lóhùn bákan náà. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ẹnu. Ariwo ẹ̀rọ pọ̀ níbẹ̀, ẹni ilẹ̀ lè máa sọ Haúsá kí ẹni òkè máa sọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kò ní èdè.

Èkejì, nípa rọ́bà ìsálà. Rọ́bà gígùn kan wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, a ká a pọ̀ síbẹ̀ kí èrò lè fi yọ̀ sílẹ̀ bí ewu bá dé. Bí a bá ṣí ilẹ̀kùn nígbà tí a kò tíì tú u, yóò wú jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ó sì lè gbá ènìyàn dànù lórí àtẹ̀gùn. Lára Boeing 737, bí ẹ bá rí okùn pupa tí ó dábùú fèrèsé ilẹ̀kùn, a kò tíì tú u nìyẹn. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ pe ẹni inú.

Ẹ̀kẹta, nípa títì. A kò gbọdọ̀ mi àtẹ̀gùn títí ilẹ̀kùn yóò fi tì pa. Ẹni tí ó ń tì í, kí ó fi ọwọ́ kan di irin ìdìmú tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà mú ṣinṣin, kí ó má sì na ara síta. Nígbà ọyẹ́, àti nígbà tí òjò bá ń ṣú, afẹ́fẹ́ lè já ilẹ̀kùn gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹ má bá a jà; ẹ pe ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹrin, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń ta dí ẹnu ọ̀nà, ojú ni a ta á fún. Kò lè gba ènìyàn dúró. Ẹ̀yin tí ó ń gbálẹ̀, ẹ má ṣe fi ẹ̀yìn rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ yíjú síta, ẹ wo ilẹ̀ kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ yóò wí: "Bí a bá dúró wo gbogbo èyí, ọ̀gá yóò ní a ń fi iṣẹ́ falẹ̀." Pàápàá ní àkókò Hájì, tí ọkọ̀ ń tẹ̀lé ọkọ̀ lóru, kíákíá ni gbogbo ènìyàn ń pè. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tí ó ń pe kíákíá kò ní bá ọ gbé ẹsẹ̀ tí ó kán. Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ fi ìyà jẹ nítorí pé ó dúró de àtẹ̀gùn, kí ó wá sọ ọ́ ní ìpàdé yìí, kí àwọn àgbà lè bá a lọ rí ọ̀gá rẹ̀.

Bí ìjàm̀bá bá sì ṣẹlẹ̀, ẹ má dákẹ́. Òfin tí a ń pè ní Employees' Compensation Act, tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2010, fún ẹni tí ó farapa lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó ìrànwọ́. Kí ó jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ rẹ̀ gbọ́ láàárín ọjọ́ 14, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá, bí ẹ bá délé ní alẹ́ yìí, ẹ bi ọmọ yín tí ó ń ṣiṣẹ́ ní pápá pé: "Ta ni ó ń fi hàn ọ́ pé àtẹ̀gùn ti dúró?" Bí kò bá rí èsì fún yín, ẹ jẹ́ kí ó ka ìwé yìí kí ó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Igi gànganran má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

 A kò ní fi ẹsẹ̀ tẹ òfìfo o.