Ẹ Má Gé Fúrúùtù Kuje Tán

Ọ̀rọ̀ tí àwa ọ̀dọ́ gbé wá lónìí ò pọ̀.

Àwọn ará wa tó wà lókè òkun ń bèèrè nínú gúrúùpù pé ṣé a ò lè gbin hazelnut sí àgbàlá. Ó dùn lóòótọ́, orílẹ̀-èdè Tọ́kì ló sì ń kórè rẹ̀ jù lágbàáyé. Ṣùgbọ́n igi yẹn gbọ́dọ̀ rí òtútù gidi fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó lè so. Ọyẹ́ Èkó kẹ̀?

Tiwa wà nílẹ̀: fúrúùtù. Ara rẹ̀ nìkan la máa ń jẹ, a ó wá ju kóró sí gọ́tà. Inú kóró yẹn gan-an ni oúnjẹ wà! Ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ, ẹ fi òkúta pa á, ẹ máa rí ọmọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ẹ̀. Ó tó ìdajì rẹ̀ tó jẹ́ òróró.

Etí òkun ilẹ̀ Éṣíà ni igi yìí ti wá. Èso rẹ̀ máa ń léfòó lórí omi. Iyọ̀, atẹ́gùn, yanrìn, kò sí èyí tó ń dẹ́rù bà á. Irú ilẹ̀ wa nìyẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ Festac Town fún àjọ̀dún ọdún 1977, ilẹ̀ oko ti dín kù lọ́wọ́ wa, àgbàlá ló kù. Ìwọ̀nba fúrúùtù tó sì wà níbẹ̀ la tún ń gé, pé ewé rẹ̀ ń dọ̀tí. Ìgbálẹ̀ ńkọ́?

Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ gbìn, ẹ má jẹ́ kó gbẹ jù. Ẹ bó ara rẹ̀ kúrò, ẹ rì í sínú iyẹ̀pẹ̀ nínú láílọ́ọ̀nù, ẹ máa bu omi sí i. Láàárín oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó máa hù. Tó bá rí ìtọ́jú, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í so ní bí ọdún mẹ́ta. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, sókéawéè tàbí abẹ́ wáyà iná: ẹ̀ka rẹ̀ máa ń fẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ sì lè gbé kọ̀ǹkéré.

Ẹ kó èyí tó pọ́n wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, láílọ́ọ̀nù àti iyẹ̀pẹ̀ di tiwa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi, ẹ sọ àgbàlá tẹ́ ẹ fẹ́ ká gbin tiyín sí.