Páìpù tó dí lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín òjò kan
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Ìlá-Ọ̀ràngún)

Àwọn kan ti ń bi wá pé kí ló kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ omi ìdọ̀tí. Ìdáhùn wa ni pé owó oṣù tí a fi ohùn kan jà fún, kò yẹ kí púlọ́ńbà máa gba ìdajì rẹ̀. Èkejì ni pé ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ilé tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, inú rẹ̀ ni a ń gbé. Yàrá méjìlá, balùwẹ̀ kan, ilé ìdáná kan, àti páìpù kan ṣoṣo tó gba ẹ̀yìnkùlé kọjá lọ sí sókàwé. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, omi ìwẹ̀ kò lọ mọ́, ó dúró títí ó fi mu wá dé ọrùn ẹsẹ̀. A fi ọparun gún un, ó lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó tún dí. A tún gún un, ó tún lọ. Ẹ mọ ìyókù.

Kò pẹ́ tí a fi rí ẹni tí a ó di ẹ̀bi rù. Màmá kan ń ṣe fùfú tà nínú ilé náà. Gbogbo wa ní èérí fùfú ló ń dí páìpù. Onílé ní kí Màmá san owó púlọ́ńbà, ó san án. Ó san án lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta ó bú sẹ́kún, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yìn ọgbà ni mo ń da omi fùfú sí, n kò da ẹyọ kan sínú ihò yìí rí." A kò gbà á gbọ́. Àwa tí a máa ń pariwo níbi iṣẹ́ pé ọ̀gá kò gbọdọ̀ gé owó ẹnikẹ́ni láìgbọ́ tẹnu rẹ̀, àwa náà la ṣe èyí nílé.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹta yìí a ní sókàwé ló kún. A pe ọmọkùnrin kan tó ń bá àwọn bíríkìlà ṣiṣẹ́. Ó ki àkàbà bọ inú ihò, ó sọ̀ kalẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí a kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀kan nínú wa tó ń di ẹrù sọ́kọ̀, òun ló ti fi okùn so ọmọ náà lábẹ́ abíyá kó tó wọlé. A fà á jáde bí ẹni fa àpò gàrí, ojú rẹ̀ ti yí. Ó yè, ẹ má bẹ̀rù, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Afẹ́fẹ́ inú sókàwé máa ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Bí ó bá ti pọ̀ jù, imú kì í gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́, ẹni tó bá sì mí i sínú lẹ́ẹ̀mejì lè ṣubú. Ibi tó ti ń pa ènìyàn púpọ̀ ni pé ọ̀kan ṣubú, èkejì bẹ́ wọlé láti gbà á, ẹ̀kẹta tẹ̀ lé e. Ẹ má wọ inú sókàwé, ẹ má sì rán ọmọ ẹlòmíràn wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ tó ń fa ìdọ̀tí wà, ẹ pè é.

Bàbá púlọ́ńbà kan láti Òkè-Ìlá ló tú àṣírí fún wa. Kò fọwọ́ kan ọparun wa. Àwa ń sọ ẹni tó dí i, òun ń béèrè ibi tó ti dí. Ó ṣí ihò méjì tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì bò lójú ọ̀nà páìpù, èyí tí àwọn bíríkìlà ń pè ní máńhòòlù. Èyí tó sún mọ́ ilé kún dẹ́nu. Èyí tó sún mọ́ sókàwé gbẹ táútáú. Bàbá ní, "Ẹ ò rí i? Àárín méjèèjì ni." Ohun tó sì wà láàárín méjèèjì ni ibi tí bọ́ọ̀sì ọ̀kan nínú wa máa ń sùn lálaalẹ́! Nígbà tí a gbẹ́ ilẹ̀, páìpù ti fọ́, ó ti rì sísàlẹ̀ bí ikùn ìkòkò, iyẹ̀pẹ̀ àti gbòǹgbò igi sì ti wọ inú rẹ̀. Ohunkóhun tó bá ń bọ̀ láti ilé, ibẹ̀ ló ń jókòó sí. Ọparun wa kàn ń lu ihò sí àárín ìdọ̀tí ni.

Ẹ̀yin awakọ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ èyí. Bí ẹ bá ń fẹ́ kábúrétọ̀ lónìí, tí ẹ tún ń fẹ́ ẹ lọ́la, ṣé kábúrétọ̀ ló ṣe yín ni? Inú táǹkì ni ìpata wà. Bàbá ní páìpù náà kò tiẹ̀ dagun tó láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kó fi bí ínṣì 1 rẹlẹ̀ nínú gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 4.

A kò sọ pé ilé ìdáná kò ní ẹ̀bi tirẹ̀ o. Yorùbá pe ti ẹran ní ọ̀rá, a sì pe èyí tí wọ́n ń rọ omi sí ní ọ̀rá, àwọn méjèèjì ló sì ń dí páìpù. Epo tó gbóná ń ṣàn bí omi, ṣùgbọ́n bó bá ti tutù nínú páìpù, ó ń dì mọ́ ara rẹ̀. Ní 2017, ní Whitechapel ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n bá òkìtì ọ̀rá kan lábẹ́ títì tó gùn ní mítà 250, tó sì wọn tọ́ọ̀nù 130. Ẹ fi ìwé nu ìkòkò ọbẹ̀ kí ẹ tó fọ̀ ọ́, ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì sẹ́nu ihò balùwẹ̀.

Ní ti sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, bí ẹ óò bá lò ó, inú omi tútù ni kí ẹ dà á sí díẹ̀díẹ̀, ẹ má da omi lé e lórí, nítorí ó ń hó, ó sì ń fọ́n. Ẹ má dà á sínú omi tó ti dúró sójú kan. Ẹni tó bá fi ọwọ́ tàbí ọparun kàn án lẹ́yìn yín ni yóò jó. Omi bátìrì tí àwọn kan nínú yín ń gbé wálé láti gáréèjì ńkọ́? Ẹ má dà á sínú ihò rárá. Bó bá pàdé sódà, yóò hó tú síni lójú. Bó bá pàdé omi tí a fi ń fọ aṣọ funfun, èéfín rẹ̀ á bá ẹ̀dọ̀fóró jà.

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun kò níí wolé, onílé ni kò níí gbà fún un. Ìbàdàn rí i. Ògùnpa kún ní 1978, wọn ò mú ìdọ̀tí ojú odò kúrò tán. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, nígbà tí àwa ní Ìlá ṣì wà nínú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó tún dé, ó pa ènìyàn tó ju 200 lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, omíyalé míràn pa ènìyàn tó ju 100 lọ nínú ìlú kan náà. Wọlé-wọlé ayé àtijọ́ tó ń wá tanwíjì nínú ìkòkò wa, a bú u púpọ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí omi dúró.

Ẹ tún wo kànga yín. Ó yẹ kó jìnnà sí sókàwé tó ẹsẹ̀ bàtà 100, kó sì wà lápá òkè. Ní 1991, onígbáméjì pa ènìyàn tó ju 7,000 lọ ní Nàìjíríà.

Ní ti ilé wa, onílé ra páìpù tuntun, nítorí ohun tó wà nínú ilẹ̀, ti onílé ni. Awakọ̀ wa san owó iṣẹ́, ó sì wá ibòmíràn fún bọ́ọ̀sì. Owó tí Màmá ti san, a dá a jọ, a kó o padà fún un, a sì dọ̀bálẹ̀. Ó kà á, ó so ó mọ́ etí aṣọ rẹ̀. Ó ń kí wa títí di òní, ṣùgbọ́n kò pè wá ní "ọmọ mi" mọ́.

Sátidé tó ń bọ̀, ní agogo 7 òwúrọ̀, Bàbá púlọ́ńbà yóò wá fi bí a ṣe ń ṣí máńhòòlù hàn wá nínú ilé náà. Kí ẹni tó bá ní ṣọ́bìrì mú un dání.