Ṣé Èèyàn Ni, Àbí Igi?

Ojú ti là. Ṣé ojú inú náà ti là?

Ẹ jẹ́ ká dé Bẹtisáídà, nínú Ìhìnrere Máàkù, orí kẹjọ. Jésù fa afọ́jú kan lọ́wọ́ jáde kúrò ní ìlú. Ó tutọ́ sí i lójú, ó gbọ́wọ́ lé e. Ó bi í bóyá ó rí nǹkan kan. Ọkùnrin náà ò purọ́. Ó lóun rí èèyàn, àmọ́ bí igi tó ń rìn ni wọ́n rí lójú òun.

Ó ti ń ríran, kò tíì ríran tán. Ṣé kì í ṣe bí ọ̀pọ̀ wa ṣe rí nìyẹn? A mọ àdúrà í gbà. A mọ orin í kọ. Àmọ́ ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń gbálẹ̀ fún wa, ṣé èèyàn ni lójú wa, àbí igi? Kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ tí à ń jágbe mọ́, ṣé èèyàn ni, àbí igi?

Jésù ò bá ọkùnrin yẹn wí. Ó tún gbọ́wọ́ lé e lójú. Ìgbà náà ló wá rí gbogbo nǹkan kedere. Ká ló ti purọ́ pé òun ti ríran tán ńkọ́?

Ojú inú kì í là tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá gbà pé òun ò tíì ríran tán ló ń rí ìfọwọ́kàn kejì gbà. Ẹni tí ẹ bá kọ́kọ́ pàdé lónìí, ẹ wò ó dáadáa. Ẹ kí i.