Àáró Kọ̀ǹpútà: Ọ̀rọ̀ tí Mo Bá Yín Sọ Níbi Àpèjọ Wa

Lánàá, ẹnìkan nínú yín bi mí pé, "Ìwọ tí o kọ́ kẹ́mísírì, kí ló gbé ọ dé ìdí kọ̀ǹpútà?" Ẹ jẹ́ kí n dáhùn.

Ẹ rántí mólékù tí a máa ń fi amọ̀ àti igi ìṣáná ṣe ní kíláàsì. Ìyẹn kì í mira. Ti gidi kì í dúró jẹ́ẹ́. Iṣẹ́ wa ni láti ṣírò ibi tí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan yóò sún sí, ká tún un ṣírò, ká tún un ṣírò. Ìsún kan kì í sábà ju femtosecond méjì lọ. Kí ẹ tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá péré, ìṣirò mílíọ̀nù 500 ni! Ní 1977, McCammon, Gelin àti Karplus ṣe ti purotéènì kékeré kan. Ní 2013, àwọn ará Yunifásítì Illinois ṣe ìkarahun inú kòkòrò àrùn HIV, átọ́ọ̀mù mílíọ̀nù 64, lórí ẹ̀rọ Blue Waters.

Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo o. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n so pọ̀, a ń pè wọ́n ní nódù. Àáró ni. A ó pín iṣẹ́ bí ẹni pín ebè, nódù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú abala tirẹ̀. Ṣùgbọ́n átọ́ọ̀mù etí ààlà ń fa ti aládùúgbò, nítorí náà, ní gbogbo ìsún, nódù gbọ́dọ̀ bi ìkejì rẹ̀ pé, "Níbo ni tìrẹ dé?" Agbára iná mànàmáná ara átọ́ọ̀mù tilẹ̀ ń dé ọ̀nà jíjìn, ìyẹn ló ń mú kí gbogbo wọn bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀. Ẹ kó ọgọ́rùn-ún ènìyàn sórí ebè ogún, ṣé wọn ò ní máa fi ọkọ́ ṣá ara wọn lẹ́sẹ̀?

Mo ti jìyà rẹ̀ rí. Wọ́n fún wa ní wákàtí tó yẹ kó tó wa lò fún ọdún kan. Mo gba nódù 64 fún purotéènì tí kò tóbi, mo ní kó lè yá. Ẹ̀rọ kì í bèèrè bóyá nódù ń ṣiṣẹ́ tàbí ó ń dúró de ẹnìkejì, gbogbo rẹ̀ ló ń kà sí wa lọ́rùn. Kí oṣù kẹta tó parí, wákàtí ti tán. Ìgbà yẹn ni mo tó dán an wò: nódù 8 ìbá ṣe é, yóò sì yá bákan náà. Ọmọ tó ń dúró de èsì náà láti fi kọ ìwé oyè rẹ̀ fi oṣù mẹ́fà kún ọdún rẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi nódù 1, 2, 4, 8 dán an wò fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ibi tí ìlọ́po méjì kò bá ti mú ìyára wá mọ́, ẹ dúró níbẹ̀ jàre. Ẹ má kọ gbogbo ìsún sínú dísìkì, ìkọ̀wé náà ń jẹ àkókò. Ṣùgbọ́n ẹ máa fi ibi tí iṣẹ́ dé pamọ́ lóòrèkóòrè, torí ẹ̀rọ lè já a nígbàkígbà. Lóde òní, GPU, káàdì tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún àwòrán eré, ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Frontier ní Tennessee, tó bọ́ sójú táyé ní 2022, ní ju 37,000 lọ. Bí purotéènì yín bá kéré, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ púpọ̀, kí GPU kọ̀ọ̀kan gbé ọ̀kan.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ ní kó mú ìwé ìdánwò nódù rẹ̀ wá bá mi. Mo wà nílé títí di Sátidé.