Ìtọ́jú Àwòrán Nínú Kọ̀ǹpútà

Ó ṣòro kí òpin ọ̀sẹ̀ kan kọjá ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ láìsí ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ tàbí ìsìnkú àgbà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí a ń ṣe láìpe ayàwòrán. Nítorí pé kò ra fíìmù mọ́, ayàwòrán lè ya ẹgbẹ̀rún àwòrán ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá padà wá lẹ́yìn ọdún márùn-ún, tí ó ní ìyá òun ti kú, tí òun sì ń wá àwòrán tí ìyá náà yà níbi ìgbéyàwó òun, ibo ni ayàwòrán yóò ti bẹ̀rẹ̀? Lẹ́tà díẹ̀ àti nọ́ńbà ni ọ̀pọ̀ kámẹ́rà fi ń sọ àwòrán lórúkọ. Bí nọ́ńbà náà bá sì dé 9999, a tún padà sí 0001.

J. D. 'Okhai Ojeikere, ayàwòrán tí a bí ní 1930 tí ó sì ṣaláìsí ní 2014, bẹ̀rẹ̀ sí ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968. Ó pín iṣẹ́ rẹ̀ sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́: irun lọ́tọ̀, gèlè lọ́tọ̀, ilé lọ́tọ̀. Ètò bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí gbogbo ayàwòrán fi kọ́gbọ́n.

Lónìí, kọ̀ǹpútà lè ṣe iṣẹ́ akọ̀wé náà. Adobe Lightroom, tí ó jáde ní 2007, àti digiKam, tí a kì í sanwó fún, a máa tún àwòrán ṣe, wọn a sì máa pa ìwé àkọsílẹ̀ mọ́ fún un. Ìwé yìí kì í ṣe àpótí àwòrán. Ibi tí àwòrán wà ni ó ń kọ sílẹ̀, bí akọ̀wé ilé ìkẹ́rù ní èbúté Àpápá ti ń kọ ibi tí ẹrù kọ̀ọ̀kan wà. Bí ẹnìkan bá gbé ẹrù kúrò láìsọ fún akọ̀wé, ìwé yóò máa tọ́ka sí ibi òfìfo. Nítorí náà, inú ètò náà gan-an ni kí a ti máa gbé àwòrán láti ibì kan sí ibòmíràn.

Kí a tó ya àwòrán, kí a yẹ aago kámẹ́rà wò, nítorí òun ni ó ń kọ ọjọ́ àti wákàtí sára àwòrán. Lẹ́yìn náà, kí a kọ orúkọ ẹbí, àdúgbò àti irú ayẹyẹ mọ́ ọn. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ: ọ̀rọ̀ kan náà ni kí a máa lò. Bí a bá kọ “ìsọmọlórúkọ” lónìí, tí a kọ “ìkómọ” lọ́la, apá kan nínú àwòrán ni a ó rí nígbà tí a bá ń wá wọn.

Google dá iṣẹ́ dúró lórí Picasa ní 2016, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń fi í to àwòrán. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé kí a jẹ́ kí ètò náà kọ àlàyé wa sínú àwòrán fúnra rẹ̀, kí ètò mìíràn lè kà á. Kí a má sì gbẹ́kẹ̀ lé àwòrán tí a fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, nítorí a máa dín in kù, a sì máa yọ irú àlàyé bẹ́ẹ̀ kúrò.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí a ṣe ẹ̀dà àwòrán àti ẹ̀dà ìwé àkọsílẹ̀, nítorí ọ̀kan kò lè dípò èkejì. Kí ẹ̀dà kan wà ní ilé mìíràn, nítorí omi òjò a máa wọ ilé ní Ajégúnlẹ̀.

Odion Ighalo, ọmọ tí ó dàgbà ní Ajégúnlẹ̀, ni ó gba góòlù wọlé jù nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ti 2019, márùn-ún ni. Ta ni ó mọ èwo nínú àwọn ọmọ tí ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá Maracana lónìí ni ìlú yóò béèrè àwòrán rẹ̀ lọ́la? Ayàwòrán tí ó bá kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ni yóò rí i mú jáde.